Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ṣójà Tó Dé Ìgboro

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, ilé ológun sì ni gbogbo wọn ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ìyàwó ṣójà ni mí. Bárékè ni mo bí àwọn ọmọ mi sí, wọ́n sì fi mí ṣe Màgájíyà nígbà kan, ìyẹn olórí àwọn ìyàwó ṣójà. N'Ìbàdàn là ń gbé láti ìgbà tí bàbá ilé mi ti bọ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí mo kà nínú ìwé.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ológun, ní ẹ̀ka àwọn tó ń tún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe. Mo ti gbé Kàdúná, mo ti gbé Jọ́ọ̀sì, Màídúgùrì ni mo wà kẹ́yìn kí wọ́n tó kó wa wá sí Òṣòdì fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń múra wa sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí mo parí níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan bá mi wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ akérò kan lápá Òjóò n'Ìbàdàn. Èmi ni olórí wọ́kíṣọ́ọ̀bù wọn. A gba yàrá méjì àti pálọ̀ sí ọ̀nà Mònìyà, èmi, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. A ò ní ará, a ò ní ojúlùmọ̀ kankan níbí.

Màmá, ọkàn mi ò balẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi ò ka ọ̀rọ̀ mi sí. Tí mo bá ní kí wọ́n dé ní aago méje, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa yọjú, wọ́n á tún máa jẹ búrẹ́dì bọ̀ lọ́nà. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí èyí tó lágídí jù nínú wọn kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ibí kì í ṣe bárékè o." Ó sọ sípánà sílẹ̀, ó gbalé lọ. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Ọ̀gá tó ni iléeṣẹ́, tó jẹ́ ọmọdé lójú mi, ní kí n máa rọra.

Nínú ilé tí à ń gbé, tí mo bá ti ń wọlé, gbogbo ẹnu á pa. Ìyàwó mi ní wọ́n ń sọ pé mò ń gbéra ga. Bẹ́ẹ̀ èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Lálẹ́, n kì í rí oorun sùn. Nígbà ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ kan yin báńgà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti fẹ́ ra káàdì iná. Kí n tó mọ̀, mo ti dojú bolẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Mò ń rò ó pé kí n kó ẹbí mi lọ sí Ọ̀fà, kí n kúkú lọ máa dáko. Kí lẹ rí sí i?

*Ológun Àná, Ìbàdàn*

ÈSÌ

Bàbá, ẹ kú ilé, ẹ kú ewu. Ẹni tó lọ sí Màídúgùrì tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, ó yẹ ká kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí rẹ̀. Mo ti bá yín kúnlẹ̀.

Ẹ má tíì di ẹrù Ọ̀fà. Ohun tó ń ṣe yín n'Ìbàdàn á bá yín dé Ọ̀fà, nítorí kì í ṣe ìlú ló ń ṣe yín.

Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbé ṣójà láti ibì kan lọ sí ibòmíì. Ìwé á ti ṣáájú yín dé. Kí ẹ tó sọ báàgì kalẹ̀ ní bárékè tuntun, wọ́n ti mọ orúkọ yín, wọ́n mọ nọ́ńbà yín, wọ́n mọ iṣẹ́ tọ́wọ́ yín mọ̀. Okùn tó wà lápá yín ló ń sọ fún tọmọdé tàgbà bí wọ́n ṣe máa kí yín. Wọ́n á fún yín nílé, ẹ ò bá onílé kankan dúnàádúrà. Ẹ ò bá aládùúgbò fa ọ̀rọ̀ iná tàbí omi. Ọdún mọ́kànlélógún gbáko lẹ fi gbé níbi tí ẹlòmíì ti ń bá yín fi ara yín han àwọn èèyàn. N'Ìbàdàn, kò sí ìwé tó ṣáájú yín dé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ara yín hàn, ẹsẹ̀ yín àti ẹnu yín lẹ sì máa fi ṣe é. Ẹ ní ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ka lẹ́tà yín títí, n ò rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé ẹ kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ìyàwó yín. Ìyàwó ṣójà ò ní okùn lápá, kò sì sí ìwé tó ń ṣáájú rẹ̀ dé ibì kankan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé yín kúrò níbì kan, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ó máa wá ẹni tí á máa bá a wo ọmọ tó bá lọ sọ́jà, ó máa mọ ìyá ọmọ Íbò tó wà ní bílọ́ọ̀kì kejì, ó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Haúsá kí alátà má baà rẹ́ ẹ jẹ. Kí ẹ tó bọ́ bàtà lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ìṣọ́ dé, ó ti mọ ilé mẹ́wàá. Mo fẹ́ kí ẹ bi í báwo ló ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì tẹ̀ lé e fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ọkùnrin tó ti kó ọmọ ogun lẹ́yìn. Ẹ ṣe é.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tí ẹ̀ ń gbé. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tàbí ti Àìkú tí gbogbo wọn bá wà nílé. Ẹ má wọ ṣòkòtò kákí, ẹ má wọ bàtà dúdú yẹn. Ẹ wọ bùbá àti ṣòkòtò, kí ìyàwó yín tẹ̀ lé yín, kí ẹ kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àlejò ni wá, a ti pẹ́ dé ṣùgbọ́n a ò tíì kí yín bó ṣe yẹ. Ọ̀fà la ti wá. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe." Ó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bi yín léèrè pé Ọ̀fà ibo, wọ́n á ní àwọn mọ ẹnì kan níbẹ̀, ìyá àgbà kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kì yín ní oríkì Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ ti ń di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ lọ kí alága àdúgbò, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìpàdé onílé àti ayálégbé. Ẹ lọ, ẹ jókòó, ẹ má gba wọ́n nímọ̀ràn kankan lórí ètò ààbò ní ìpàdé àkọ́kọ́. Wọ́n á bi yín nígbà tó bá yá, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé ṣójà ni yín kí ẹ tó wọ ilé yẹn rárá.

Ohun kan tún wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé jẹnẹrétọ̀ kan wà nínú ọgbà yẹn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga tí wọ́n ti ń dá owó jọ fún. Ẹ tú u wò. Iṣẹ́ tọ́wọ́ yín mọ̀ nìyẹn. Ẹ má gba kọ́bọ̀, ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí ẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé dúró tì yín bá yín gbé tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó bá ti gbé tọ́ọ̀ṣì fún yín rí kò ní sá fún yín mọ́.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Mo gbé lẹ́tà yín fún bàbá ilé mi kà, nítorí òun náà bọ́ aṣọ ṣójà bọ́ sínú iṣẹ́ alágbádá. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Sọ fún un kó mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń wá." Ẹ jẹ́ kí n là á síwájú sí i. Ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ṣé ẹ mọ̀ bóyá Lálúpọn ló ti ń wọkọ̀ wá? Ṣé ẹ mọ̀ bóyá òun ló ń gbé àbúrò lọ sílé ìwé kó tó kọrí síbi iṣẹ́? Tó bá jẹ́ ìmẹ́lẹ́ ni, ẹ máa mọ̀. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa mọ̀. Ní báyìí, ẹ ò mọ ọ̀kankan.

Èyí tí ẹ ní kó kúnlẹ̀, òun ló ṣe kókó jù. Mẹkáníìkì n'Ìbàdàn, bó ti wù kó kéré tó, ó ti sin ọ̀gá kan rí. Ó ti gbálẹ̀, ó ti fọ irin, wọ́n ti gbá a létí, títí ọjọ́ fírídọ̀mù tí ọ̀gá rẹ̀ fi gbàdúrà sí i lórí níwájú ẹbí, tí wọ́n jẹ ìrẹsì, tí wọ́n ya fọ́tò. Ọjọ́ náà ló di ọkùnrin láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ ní kó kúnlẹ̀ kó gbọ́wọ́ sókè níwájú àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ẹ gba ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní bárékè, ìyà kékeré ni, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ di ọ̀la. Lójú tiẹ̀, ẹ tú fírídọ̀mù rẹ̀ ká.

Nítorí náà, ẹ lọ bá a nílé. Ẹ má ránṣẹ́ pè é, ẹ lọ. Ẹ kí bàbá àti ìyá rẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ sọ lójú wọn pé, "Ọmọ yín mọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wáyé láàárín wa, n kò fẹ́ kó gbé nílẹ̀." Àgbàlagbà tó wọlé ọmọdé nítorí àlàáfíà, iyì rẹ̀ ò dín. Àwọn òbí yẹn gan-an ló máa bá yín bá a wí, tí kò sì ní dùn ún.

Tí ẹ bá padà dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yin mọ ọkọ̀ ogun, àwọn mọ bọ́ọ̀sì Hiace tó ń ná Ìbàdàn sí Èkó lójoojúmọ́. Nínú wọn, ẹ máa rí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti ìta tí á sì sọ ohun tó ń ṣe é kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n mọ ẹni tó ń ta ojúlówó ní Géètì àti ẹni tó ń ta àdàlù. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ pé ọwọ́ wọn lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà ní ohun tí wọn ò ní. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ìgbà tí wọ́n wo bíréèkì, ẹni tó ṣe é. Ní iléeṣẹ́ akérò, ìwé bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀mí là. Ẹ fi kọ́ wọn.

Ní ti aago méje, ẹ má dá a dúró lé. Ẹ sọ fún ọ̀gá kó kọ ọ́ sára ògiri gẹ́gẹ́ bí òfin iléeṣẹ́, kí ìwé ìbuwọ́lù wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Kí ìyà àpẹ́dé máa ti ọ́fíìsì wá, kó má ti ẹnu yín wá. Ọ̀gá yín kéré sí yín lọ́jọ́ orí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti na sàlúù sí ọ́físà tí ẹ lè bí lọ́mọ rí, ẹ ò sì kú.

Ọ̀rọ̀ báńgà yẹn ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, ọjọ́ Àìkú, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù ń bú gbàmùgbàmù láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru. Àwọn èèyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá àwọn ọmọdé, sá kó sínú omi kánáálì ní Òkè-Afá. Ẹ̀mí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló bá a lọ. Inú bárékè yẹn ni èmi àti àwọn ọmọ mi wà lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìgbà náà kí ilẹ̀kùn tó lè dún gbàà kí ara mi má gbọ̀n. Èmi tí n ò yìnbọn rí láyé mi nìyẹn. Ẹ̀yin wá ńkọ́?

Ara ló ń rántí, Bàbá. Ó kọ́ ohun tó gba ẹ̀mí yín là ní Màídúgùrì, kò sì tíì gbọ́ pé ẹ ti kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ojo, kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yín lọ sí ibi tí wọ́n máa ti fi pàṣán lé ohunkóhun jáde lára yín. Ẹ lọ sí UCH, ẹ gba káàdì, kí ẹ sọ fún dókítà pé ṣójà ni yín tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ti jà, ẹ ní oorun ò wá. Wọ́n á júwe ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ fún yín. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀ka náà sá. Tí ẹ bá fẹ́ kó jìnnà sí ojú àdúgbò, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró wà ní Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú kan ní 1954, tó jẹ́ pé àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n ń bá wọn jẹ, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà. Gbogbo ayé ló wá ń kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ nígbà tó yá. Onímọ̀ ìṣègùn òyìnbó ni Lambo, síbẹ̀ ó mọ̀ pé èèyàn laṣọ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ya ọ̀rọ̀ oorun yín sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò tí ẹ kò kí.

Nílé, ẹ sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn yín jí. Bí mo ṣe ń ṣe é fún bàbá ilé mi nìyí: ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo máa ń dúró sí, màá pe orúkọ rẹ̀ láti ibẹ̀, màá ní, "Èmi ni o, ilẹ̀ ti mọ́." Ó dìgbà tó bá dáhùn kí n tó wọlé. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ dàgbà, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kí oṣù Kérésì sì tó wọlé, kí ìyàwó yín sọ fún àwọn ìyá tó wà ládùúgbò pé báńgà kì í ṣe eré lọ́dọ̀ yín. Tí ẹ bá ti kí wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbọ́.

Ìbàdàn tí ẹ sì ń wò bí ilẹ̀ àjèjì yẹn, àwọn bíi tiyín ló dá a sílẹ̀. Ibùdó ogun ni kó tó di ìlú. Ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló tẹ̀dó síbẹ̀, ogun ló kó wọn pọ̀. Wọ́n fẹ́yàwó níbẹ̀, wọ́n dáko, àwọn ọmọ wọn di ọmọ Ìbàdàn. Títí di òní olónìí, ìlà méjì ni wọ́n fi ń gun orí oyè Olúbàdàn, ìlà Balógun sì ni ọ̀kan níbẹ̀. Àwọn onílùú fúnra wọn ló ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ẹ fún un lọ́dún kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ Ọ̀fà sí mi létí mọ́.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Kàdúná la ṣì wà, ṣùgbọ́n ọkọ mi máa bọ́ aṣọ láìpẹ́, Òṣogbo la sì ń bọ̀, ìlú rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pè lójoojúmọ́. Ọ̀kan ní ká fi owó àjẹmọ́nú ra bọ́ọ̀sì tí òun á máa wà, ìkejì ní ká kọ́lé. Ọkùnrin kan náà pè, ó ní Àbújá lòun wà, ká fi owó ránṣẹ́ kí fáìlì ọkọ mi lè tètè jáde. Àwọn ọmọ mi gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ, àgbà inú wọn wà ní SS2. Ọkọ mi ò tíì mọ iṣẹ́ tó máa kọ́ ní Òṣòdì. Gbogbo rẹ̀ dà rú mọ́ mi lójú.

*Ìyàwó Ṣójà, Kàdúná*

ÈSÌ

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ti ọkùnrin Àbújá yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn: olè ni. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹ má sọ BVN, ẹ má sọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báńkì. Military Pensions Board tó wà l'Àbújá ló ń san owó ìfẹ̀yìntì ológun. Láti 2011 tí wọ́n ti yọ ológun kúrò nínú ètò tí òṣìṣẹ́ ti ń dá owó sí àpò ìfẹ̀yìntì ara rẹ̀, ìjọba ló ń dá a san. Kò sí ẹni tó ń gba owó lórí fóònù kí fáìlì tó rìn. Kí ọkọ yín lo ọ́fíìsì tó wà ní yúníìtì rẹ̀, kó sì béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé kó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ti rí opó tó ń wọ ilé ẹjọ́ lọ wọ ilé ẹjọ́ bọ̀ nítorí orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ṣì wà nínú ìwé. Ẹ wò ó báyìí tí ẹ ṣì wà ní bárékè. Ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ náà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, kí ojúlówó má kúrò nílé.

Owó yẹn, ẹ má fi ra bọ́ọ̀sì, ẹ má fi kọ́lé lọ́dún àkọ́kọ́. Owó ilé gbígbà, owó ilé ìwé, oúnjẹ oṣù díẹ̀ ni kí ẹ yọ níbẹ̀, kí ìyókù wà ní báńkì. Ẹ̀yin ò tíì gbé Òṣogbo bí onílé. Ẹ ò mọ àdúgbò tí omi ń yalé, ẹ ò mọ ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ ti tà fún ẹni mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín lè jẹ́ èèyàn rere, ìyẹn ò sọ pé ó mọ òwò bọ́ọ̀sì. Kí ọkọ yín fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé owó náà kò tíì jáde tán, pé òun ò sì ní ṣe nǹkan kan kó tó pé ọdún. Òun ni kó sọ ọ́ o, kì í ṣe ẹ̀yin. Tó bá jẹ́ ẹnu yín ló ti jáde, orúkọ yín ló máa bàjẹ́ nínú ẹbí náà kí ẹ tó débẹ̀.

Nípa iṣẹ́ Òṣòdì: láti 1945 ni ibẹ̀ ti wà, àwọn ọmọ wa tó ń ti ogun Bọ́mà bọ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ẹja sísìn, adìyẹ, wẹ́dà, kọ̀ǹpútà àti oríṣiríṣi. Kí ọkọ yín má mú ẹja nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ẹja. Kó mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ohun tó máa ń ṣe tó bá gba páàsì wálé láìsí pé ẹnì kan rán an. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọra rẹ̀ lọ, ẹ sọ fún un.

Ọmọ tó wà ní SS2, ẹ gbé e wá kó tó wọ SS3, kí ilé ìwé tuntun lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC láìsí wàhálà. Ẹ gba gbogbo èsì rẹ̀ láti SS1 kí ẹ tó kúrò ní Kàdúná, torí ìrìn-àjò padà lọ gbà á kì í ṣe kékeré. Ní ti Yorùbá wọn, wọ́n máa gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ yín ló máa kọ́ wọn yá jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lo Sátidé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni mo fi bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju Haúsá sílẹ̀ nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní "málà". Ẹ máa sọ ọ́ sí wọn nílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tèmi ti rí iṣẹ́ nídìí èdè yẹn.

LẸ́TÀ KẸTA

Màmá, bàbá mi ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ ṣójà náà ló ṣì ń wọ̀ lọ sí ọjà àti sí ìnáwó. Ó ní òun fi ẹ̀jẹ̀ òun rà á. Ṣé ó lòdì?

*Ọmọ Bàbá, Àkúrẹ́*

ÈSÌ

Ó lòdì sófin, ọmọ mi. Ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ológun mọ́ kò gbọdọ̀ wọ aṣọ wọn, àwọn ṣójà tó jẹ́ ọmọ àná lè bọ́ ọ lọ́rùn bàbá yín ní gbangba láìmọ ẹni tó jẹ́. Ìtìjú bẹ́ẹ̀ kò yẹ ẹ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ẹ má ṣe jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a fọ̀ ọ́, ẹ bá a lọ̀ ọ́, kó wà nínú àpótí.

Ohun tó ń wá ni kí wọ́n mọ̀ pé òun sìn. Ẹ mú un lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Léjọ̀nì, ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdọọdún la ń rántí àwọn tó kú sójú ogun, nítorí ọjọ́ yẹn ní 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa tò lọ́jọ́ náà níwájú gómìnà, òun náà lè wà láàárín wọn pẹ̀lú mẹ́dàlì rẹ̀ láyà kóòtù. Ẹ mú un lọ wọn kóòtù náà lọ́dọ̀ télọ̀ kí oṣù kọkànlá tó parí, nítorí tó bá ti di ìgbà Kérésì, kò sí télọ̀ tó máa dá yín lóhùn.